Jẹ Kí Ni?

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́nu èèyàn kó má tú u wò. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, Yorùbá ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Ìpájà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti ibi eré wọlé, tí ìyá mi bi mí bóyá mo ti jẹun, tí mo sì sáré dáhùn pé, "Mo ti jẹ," ohùn bàbá mi ni màá gbọ́ láti inú yàrá: "Jẹ kí ni?"

Lójú tirẹ̀, "jẹ" ò lè dá dúró. Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ ní àbọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ohun tí wọ́n jẹ gan-an. Ajá jẹ. Jẹ kí ni? Ajá jẹ eegun. Ọ̀rọ̀ tán. Àwọn tó kọ́ nílé-ìwé, tí àwọn fúnra wọn ti di ìyá àti bàbá ọmọ, ṣì máa ń fi kí i ní Ìgàndò tí à ń gbé. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní, "Tíṣà, mo ti jẹ o!" Òun náà á gbójú sókè bí ẹni tí inú ń bí, á ní, "Jẹ kí ni?" Wọ́n á wá jọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi á máa wo ilẹ̀, nítorí pé ojú máa ń tì mí tó bá ń fi gírámà ṣeré láàárín títì.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti lọ sílé-ìwé gíga, èmi àti òun nìkan la kù nínú ilé. Mo ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ tipẹ́, ìtàn mìíràn nìyẹn, mi ò sì ní sọ ọ́ níbí. Mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Bàbá mi a máa jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, a máa ka ìwé ìròyìn, a sì máa bá àwọn oníbàárà mi tún Yorùbá wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ò bínú. Àwọn tó bínú, mo ní kí wọ́n lọ wá télọ̀ mìíràn.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. A pè é ní ikọ́ eruku, a pè é ní ikọ́ òtútù. Aládùúgbò wa kan, ìyá kan tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé wa, ní ṣọ́ọ̀kì tí bàbá mi fi kọ̀wé sára pátákó fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló wọ̀ ọ́ láyà. Bàbá mi ò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Nígbà tí dókítà wá sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, mo bi í bóyá ṣọ́ọ̀kì ló fà á. Ó ní òun ò lè nawọ́ sí nǹkan kan pé ìyẹn ló fà á. Mo bínú sí i bíi pé òun ló gbé àìsàn náà síbẹ̀.

Àmọ́ kí dókítà tó sọ ohunkóhun, téèpù mi ti sọ ọ́. Èmi ni mò ń rán gbogbo aṣọ bàbá mi. Mo mọ bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, mo mọ ọrùn rẹ̀, mo mọ ibi tí ṣòkòtò rẹ̀ ń dé. Bùbá tí mo rán fún un ní iléyà ti ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Mo yọ́ mú un, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, mo lọ̀ ọ́, mo sì dá a padà síbi tí mo ti mú un. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú jígí.

"Mi ò mà rù tó bí wọ́n ṣe ń wí," ó ní.

"Ẹ má dá wọn lóhùn jàre," ni mo dá a lóhùn.

Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí òmíràn, mo sì tún ṣe é sí òmíràn. Àwọn èèyàn ò ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti rí i ní ìta, kó tó kí i tán, á ti pariwo pé, "Háà, Tíṣà, ẹ mà ti rù o!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àlùmọ́gàjí lu ẹnì kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n á máa fi dírípù fà sí i lára, tí wọ́n á fún un, kó lọ sinmi nílé, kó tún padà wá gba òmíràn. Ó gba ti àkọ́kọ́. Nígbà tí a padà lọ fún èkejì, wọ́n ní kó gun ìwọ̀n. Dókítà wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó wo bàbá mi, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè.

"Àǹtí, oògùn yìí lágbára gan-an. Ara tó bá ti rù jù ò lè gbé e. A máa fún wọn lónìí ṣá o. Àmọ́ tí ìwọ̀n wọn bá tún wálẹ̀ kí ẹ tó padà wá, a ò ní lè fún wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹun."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹun. Ó rọrùn lẹ́nu. Mo dé ilé, mo di alásè. Mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí tí ẹran kún inú rẹ̀, mo din dòdò, mo se ìrẹsì, mo se ọbẹ̀ ẹja tí òórùn rẹ̀ ń dé ojú títì. Bàbá mi á ní, "Gbé e síbẹ̀, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́." Màá gbé e síbẹ̀, màá padà sídìí máṣíìnì. Tí mo bá tún wọlé, abọ́ á ti ṣófo, á tiẹ̀ ti fọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

Màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, màá tún padà lọ ránṣọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni ààwẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ló ti máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ báyìí tí ara rẹ̀ ò le. Ó ní ààwẹ̀ ò pààyàn rí. Kò pẹ́ tí ààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ fi ń ràn mọ́ Jímọ̀, tí ti ọjọ́ Ajé sì ń na ẹsẹ̀ dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abọ́ ń ṣófo láwọn ọjọ́ yòókù, síbẹ̀ mo ṣì ń gba aṣọ wọlé. Mi ò mọ ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ.

Ìyá aládìẹ ló sọ ọ́ fún mi láìmọ̀. Ó mú ìró kan wá kí n bá òun gbá etí rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí adìẹ rẹ̀.

"Àǹtí télọ̀, ẹ wá wo adìẹ mi o! Wọ́n ti sanra, ẹ̀yìn wọn ń dán. Oúnjẹ adìẹ tí mò ń rà ò tiẹ̀ tán mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó dáa, Ọlọ́run ṣá ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. Adìẹ ń sanra, bàbá mi ń rù. Ibi tí mo ti ń rò ó ni nǹkan mìíràn ti sọ sí mi lọ́kàn, tó jẹ́ pé ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Mo ti jẹ. Bàbá mi, tí kò gbà fún ọmọ kankan rí láti fi "jẹ" sílẹ̀ ní ìhòòhò, ni òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé òun ti jẹ, tí kò sọ ohun tó jẹ. Kò lè parọ́ fún mi pé òun jẹ iyán. Ó wá yọ iyán kúrò nínú gbólóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo bu ìrẹsì àti ẹja fún un lọ́sàn-án. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ máṣíìnì díẹ̀ kó lè gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ sí ẹ̀yìn. Bàbá mi ló dúró sídìí ọgbà adìẹ, ó gbé abọ́ dání, àwọn adìẹ pé lé e lẹ́sẹ̀. Ó ń já ẹja náà díẹ̀díẹ̀ fún wọn. Ó ń kọ́kọ́ yọ eegun rẹ̀ kó má baà há wọn lọ́fun. "Ẹ má jà," ó ń sọ fún wọn, "ó máa kárí."

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti jẹ?"

Ó yí padà. Mi ò rí ojú bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí, bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Mo ti..."

"Jẹ kí ni?"

Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mí, ó tún mí, nítorí pé lásìkò yẹn, ó gbọ́dọ̀ kó èémí jọ kó tó lè sọ̀rọ̀ tó gùn. Mo dúró. Mo ti ká apá mi mọ́ àyà, mo ti ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́nu.

"Ọmọ mi, gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Jẹjẹrẹ. Jẹ kan, jẹ kejì. Mo ti tú u láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ rẹ̀. Jẹ àkọ́kọ́, tèmi ni. Jẹ kejì, tirẹ̀ ni. Bí mo bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń jẹ. Ohun tí mo bá gbé mì ló fi ń dàgbà. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò kàn sọ ọ́ lásán. Tí mi ò bá jẹ, kí ló fẹ́ jẹ? Ebi á pa á, á kú síbẹ̀." Ó tún mí. "Mo kàn fẹ́ pẹ́ sí i lọ́dọ̀ rẹ ni. Mo mọ̀ pé o ò ní gbà, ni mi ò ṣe sọ fún ọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó sẹ́nu dà nù. Mo rò pé ayé ti sú u ni, pé ó fẹ́ kú ni kò ṣe jẹun. Ṣé nítorí kó má baà kú ni ebi ṣe ń pa á láti ọjọ́ yìí, tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ẹja, tó ń yọ eegun rẹ̀ fún adìẹ? Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ìbínú ló tún gbà jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá. Ó dáa, jẹjẹrẹ ń jẹ. Jẹ kí ni? Níbo ni àbọ̀ rẹ̀ wà?"

Ó wò mí. Mo rí i tó ń wá a. Ó ń wá a gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wá a lójú pátákó, tí ètè rẹ̀ á máa mì.

"Orúkọ náà ò ní àbọ̀," ó ní.

"Ó ní! Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni àbọ̀ rẹ̀, Bàbá! Kì í ṣe ìrẹsì mi ló ń jẹ, ẹ̀yin ló ń jẹ. Ẹ wo apá yín. Ẹ wo ọrùn yín. Ṣé ẹ rò pé aṣọ yín ò tóbi ni? Èmi ni mò ń gbà wọ́n wọlé!"

Adìẹ fò lọ sápá kan, sápá kejì. Bàbá mi fa etí bùbá rẹ̀, ó yí i wò nínú, ó rí ojú òwú mi. Ó fi ọwọ́ pa á títí. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ fún mi, a sì wọlé.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni. Kò lè gba ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ láìwádìí. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Wọ́n ti ní kí n lọ rí i, mi ò lọ, nítorí mo rò pé kò sí ẹni tó máa kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè. Bàbá mi ló ní ká lọ. Kò tíì jókòó tán tó ti bi í léèrè: "Ìyá mi, tí mi ò bá jẹun, kí ni àìsàn yìí máa jẹ?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹran ara yín ni, Dàdí. Kò ní bá yín gbààwẹ̀ o. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbà á. Àìsàn yìí máa ń yọ́ ẹran ara, kódà lára ẹni tó ń jẹun, áńbọ̀sì ẹni tí kò jẹ. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀ láti fi gbé oògùn. Ààwẹ̀ yẹn náà, ẹ bi àlùfáà yín, wọ́n á sọ fún yín pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn."

Bàbá mi yí ojú sí mi. "O gba máàkì," ó ní.

Obìnrin náà wá dojú ọ̀rọ̀ kọ èmi gan-an. Ó ní iyán àti òkìtì ìrẹsì tí mò ń gbé síwájú bàbá mi, ó tó láti dẹ́rù bà á. Ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó, oúnjẹ púpọ̀ máa ń tì í láyà. Ó ní kí n máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, léraléra, ohun rírọ̀ tó ní agbára nínú. Kí n máa po wàrà àti ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì. Kí n jẹ́ kó sinmi kó tó jẹun, kó jókòó dáadáa. Tó bá ní ẹnu òun ń dà bí irin, kí n mú ṣíbí onírin kúrò níwájú rẹ̀. Tí òórùn ọbẹ̀ gbígbóná bá ń rí i lára, kí n jẹ́ kó tutù.

A bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ògì tí mo pò fún un ki débi tí ṣíbí fi ń dúró nínú rẹ̀. Mò ń lọ sí Ṣáṣá, sọ́dọ̀ obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà dídì, irú èyí tí bàbá mi máa ń jẹ lọ́mọdé ní Ọ̀yọ́, mo sì ń fi ata díẹ̀ sè é. Ohun tó wá bá ẹnu rẹ̀ mu jù ni mọ́ínmọ́ín. Mi ò se mọ́ínmọ́ín lásán fún un. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni mo sè: ẹyin, ẹja yíyan, edé, ẹ̀dọ̀, mùdùnmúdùn, gbogbo ohun tó bá ti wọ inú ewé. Ó tú ewé àkọ́kọ́, ó wò ó.

"Ẹ̀mí mélòó lo ní ó wà nínú rẹ̀?"

"Méje, Bàbá."

"Tèmi ò ju ẹyọ kan lọ. Bù ú wá."

Tó bá ń jẹun, kò lè sọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ ò tó fún méjèèjì. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì, ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọ̀rọ̀ àdúgbò, ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tó kó kúrò. Mo sì ń ṣọ́ Yorùbá mi gidigidi, nítorí pé tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ó lè gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó fi èémí yẹn tún un ṣe. Mi ò sọ Yorùbá tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Láàárín àkókò yìí, ìyá aládìẹ wá ráhùn pé adìẹ òun ò ṣe dáadáa mọ́. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ìdí ìró nu ojú, ó sì lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó di ẹyin sínú ọ̀rá.

"Tíṣà, ẹ gbà," ó ní. "Oúnjẹ yín ni. Àwọn adìẹ ní kí n dá a padà."

Bàbá mi mú ẹyin kan, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. "Káàbọ̀," ó sọ fún un. Ó ń wò mí bóyá mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Àbọ̀ ti padà wálé.

Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn pé, a lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa, bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Ó bọ́ bàtà, ó gun ìwọ̀n. Mi ò lè wò ó. Ojú dókítà ni mò ń wò. Nọ́ńbà náà ò wálẹ̀. Ó tiẹ̀ fi díẹ̀ lé, díẹ̀ báyìí, bóyá ewé mọ́ínmọ́ín ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ so dírípù náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo sunkún, mi ò tiẹ̀ bìkítà. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń bi dókítà lókè orí mi pé, "Dókítà, ṣé ẹ̀yin náà ti jẹ?" Dókítà ní, "Mo ti jẹ, sà." Bàbá mi ní, "Jẹ kí ni?"

A rí àkókò gbà. Kò pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n a rí i gbà. Ó padà síbi àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, ó sì ń sinmi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Mo tú ojú òwú bùbá iléyà rẹ̀, mo jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti tú u.

Lẹ́yìn náà, ikọ́ náà padà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà sì jókòó tì wá, ó ní oògùn náà ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ó ní kí n máa mú un lọ sílé, kí n jẹ́ kí ara tù ú. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, ohun tí mo gbọ́ ni pé kí n se mọ́ínmọ́ín sí i. Mo sè é. Mo pò ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ. Bàbá mi á gba ṣíbí kan nítorí mi, á fi sẹ́nu, kò ní gbé e mì. Mo pe obìnrin tó gbà wá nímọ̀ràn oúnjẹ lórí fóònù pé kó sọ ohun mìíràn fún mi tí mo lè sè.

"Àǹtí," ó ní, "ti ìsinsìnyí yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn. Ìgbà yẹn, Dàdí ò jẹun, ara wọn sì ń fẹ́ oúnjẹ. Ní báyìí, ara wọn ti ń palẹ̀ mọ́, ìyẹn ni kò ṣe fẹ́ oúnjẹ mọ́. Kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n. Ẹ má fipá mú wọn. Ẹ máa fi omi tutù ra wọn létè. Ẹ jókòó tì wọ́n, ó ti tó."

Mo gé fóònù mọ́ ọn létí. Ó ti tó kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú ọwọ́ mi tí mi ò bá se oúnjẹ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ṣíbí onírọ́bà bu díẹ̀, mo gbé e dé ẹnu rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀kan péré." Ó mi orí. Mo ní, "Nítorí Ọlọ́run." Ó tún mi orí, jẹ́jẹ́. Mọ́ínmọ́ín náà já bọ́ sórí aṣọ, mo sì bú sẹ́kún. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí, gbogbo sísè tí mò ń sè yẹn, òun ni mò ń fi sọ.

Ó na ọwọ́ sí mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ìka rẹ̀ yí i ká, ìka ọ̀hún sì kan ara wọn. Ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ náà ti rù," ó ní.

Mo nu ojú mi.

"O ti jẹ?"

"Mo ti jẹ, Bàbá."

"Jẹ kí ni?"

Mo la ẹnu. Mo wá a láti òwúrọ̀, mo wá a láti àná. Kò sí ohun kan tí mo lè fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi ò bá mi wí. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ṣíbí náà bu mọ́ínmọ́ín, mo fi sẹ́nu ara mi, mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ dùn, ẹja rẹ̀ dùn, mi ò mọ̀ pé ebi ti pa mí tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń wò mí. Bí ẹnu mi ṣe ń lọ ni ètè rẹ̀ náà ń lọ, bó ṣe máa ń rí lẹ́nu ẹni tó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo fi ìka nu ìdí abọ́, mo lá a.

Ó fi orí lé ìrọ̀rí, ó mí. "Mo ti yó," ó ní.

Mi ò tún fi ṣíbí kàn án lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mò ń fi omi tutù ra ètè rẹ̀, mò ń jókòó tì í, mo sì ń gbé oúnjẹ tèmi wá jẹ níbi tó ti lè rí mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí tó fi lọ, kò sì pẹ́ púpọ̀.

Àga rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án, tí mo bá gbé abọ́ mi jókòó, tí mo sì jẹ ẹ́ tán, mi ò ní dúró kó bèèrè.

"Mo jẹ ẹ̀wà, Bàbá," màá sọ. "Mo jẹ ẹ̀wà àti dòdò."